Bàbá Àgbà Kò Gbàgbé: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Kan Lórí Broad Street, Èkó

Ìyá ọlọ́mọ méjì kan ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Ẹ káàsán o, sà. Bàbá àgbà wa ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Nígbà èwe wọn, wọ́n ṣe akọ̀wé ní ilé ìtajà òyìnbó kan ní Broad Street. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé Broad Street ni títì àkọ́kọ́ ní Èkó, pé láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì wọn ni wọ́n ti ń wo ọkọ̀ òkun, pé ọgbà ẹ̀wọ̀n tí òyìnbó ń ti àwọn ajìjàgbara mọ́ wà lẹ́bàá títì náà, àti pé ilé ìyá wọn kò jìnnà síbẹ̀ kí ìjọba tó kó wọn lọ sí Surulere. Mo dé ibẹ̀ lóṣù tó kọjá. Báńkì ni mo rí, àti àwọn tó ń ta bàtà, àti dánfó. Mi ò rí omi, mi ò rí ẹ̀wọ̀n, mi ò rí ilé àtijọ́ kankan. Ṣé bàbá ti ń gbàgbé ni, àbí wọ́n ti wó gbogbo rẹ̀? Mo fẹ́ mú àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ nígbà ìsinmi. Kí ni mo máa fi hàn wọ́n?"

Ẹ kú àdúrótì bàbá o. Mo ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn rìn ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Ìta Tinúbú, ohun tí ẹ sọ yìí sì ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá fi ìtàn àgbà lọ síbẹ̀. Bàbá kò gbàgbé. Nínú nǹkan mẹ́rin tí wọ́n sọ, mẹ́ta rí bẹ́ẹ̀ gan-an, ìkan tó kù ni a ó tún ṣe díẹ̀. Ohun tó da yín láàmú ni pé ilé lẹ ń wá. Ní Broad Street, ilé kì í pẹ́. Ìran kọ̀ọ̀kan ló ń wó ohun tí ìran tó ṣáájú kọ́, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ wọ́n ju ohunkóhun tí èèyàn lè gbé kà á lórí lọ. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀ láti wá ògiri, ẹ ó padà lọ́wọ́ òfo. Ojú títì, àlàfo àti orúkọ ni kí ẹ máa wò. Àwọn yẹn kò tíì kúrò níbi tí bàbá fi wọ́n sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun kan tó máa ń lọ́ mọ́ra wọn. Broad Street yàtọ̀ sí Marina. Títì méjì ni, wọ́n jọ ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti ìhà Apọ́ngbọ̀n títí dé ìhà ọsibítù àti pápá Tafawa Balewa. Marina ló wà ní ìhà ọ̀sà, Broad Street ló wà lẹ́yìn rẹ̀ sínú ìlú. Àwọn títì kéékèèké bíi Martins, Kakawa, Odunlami àti Customs Street ló so àwọn méjèèjì pọ̀, èyí tó gùn jù nínú wọn kò gba ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Àwọn ọmọ Èkó àtijọ́ ń pe gbogbo agbègbè yẹn ní Ehingbeti, orúkọ yẹn náà sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ fi sọ ìpàdé ọrọ̀ ajé tí wọ́n máa ń ṣe. Nítorí náà, bí àgbàlagbà bá ní òun ṣiṣẹ́ ní Broad Street, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn iwájú ilé iṣẹ́ náà wà ní Marina, tẹ̀yìn sì já sí Broad Street. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà òyìnbó ló rí bẹ́ẹ̀.

Títì àkọ́kọ́ ni kì í ṣe. Kí òyìnbó kankan tó la ọ̀nà ní etí ọ̀sà ni Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, ti wà, tí àwọn ojú ọ̀nà tóóró sì ti yí i ká ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní òdì kejì erékùṣù náà. Ìhà Marina àti Broad Street wá di àdúgbò lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí Kòsọ́kọ́ sá, tí Akíntóyè padà sórí oyè. Akíntóyè, àti Dòsùnmú tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n pín ilẹ̀ etí omi fún àwọn oníṣòwò, fún àwọn ìjọ ajíhìnrere, fún àwọn Sàró tó ń ti Freetown bọ̀ àti àwọn Àgùdà tó ń ti Brazil bọ̀. Ní 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni àwọn gómìnà ti ń la títì gbọọrọ. Orúkọ títì yìí gan-an sọ fún wa pé ó fẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ìgbà yẹn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí dánfó mẹ́ta bá dúró síbẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Ohun tí bàbá ní lọ́kàn, lójú tèmi, ni pé ibẹ̀ ni Èkó òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gbà á bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí títì kan ṣe lè gbé gbogbo ìgbésí ayé ènìyàn, ẹ wo ti Herbert Macaulay. Ní 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, CMS Grammar School, sínú ilé kékeré kan ní Broad Street tí wọ́n ń pè ní Cotton House. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Ajàyí Crowther, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, oníṣòwò Sàró kan tó ń jẹ́ James Pinson Labulo Davies ló fi 50 pọ́n-ùn ra ìwé àti irinṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ní Broad Street kan náà ni wọ́n ti bí ọmọ ọ̀gá náà, Herbert, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1864. Ọmọ yìí dàgbà, ó kàwé lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó di sọ̀fíyọ̀, ó sì di ẹni tí ìjọba kò lè fi ojú rere wò. Ibi tí wọ́n wá gbé e lọ tì mọ́ kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti bí i. Ilé ẹ̀kọ́ náà ti kó lọ sí Bariga láti 1959. Mi ò lè fi Cotton House hàn yín, kò sí ògiri rẹ̀ mọ́.

Ó wá kan ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó wà níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ ò mọ̀. Ní 1882 ni ìjọba amúnisìn fi amọ̀ mọ ọ́n, wọ́n sì fi koríko bò ó. Àwọn ará ìlú tí inú ń bí ń ju iná sórí rẹ̀, ó ń jó. Nígbà tó di 1885, wọ́n kó bíríkì wá láti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì mọ ọ́n padà. Iye tí wọ́n ná lé e lórí jẹ́ 16,000 pọ́n-ùn, ní ọdún tó jẹ́ pé 700 pọ́n-ùn ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá mú àwọn ọmọ yín débẹ̀, ẹ sọ iye méjèèjì yìí fún wọn kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn béèrè ìdí rẹ̀.

Níbi tí a gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra ni gbólóhùn "ẹ̀wọ̀n àwọn ajìjàgbara." Àwọn ajìjàgbara ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀ lóòótọ́. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà níbẹ̀ nígbà ẹjọ́ ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba ti 1962 sí 1963, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Calabar, Anthony Enahoro náà sì mọ inú ọgbà yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀ ni olè, ajigbèsè, ẹni tó jà lójú ọjà, ẹni tó pààyàn tí wọ́n sì yẹgi fún. Kódà ti Macaulay kò rọrùn tó bí a ṣe ń rò ó lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ní 1928, oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde nípa rìkíṣí kan lórí ọ̀ràn Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Èṣùgbàyí, ọba Èkó. Ìyẹn jẹ́ ọ̀ràn òṣèlú láìsí àníàní. Ṣùgbọ́n ti 1913, ẹ̀sùn pé ó ná owó tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi kàn án, ọdún méjì ni wọ́n sì dá fún un. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sọ pé ìjọba ló ń gbógun tì í, àwọn mìíràn sọ pé ẹ̀sùn náà mú un. Èmi gbà pé àwọn òyìnbó yọ̀ nígbà tí àyè yẹn ṣí sílẹ̀ fún wọn, ìyẹn kò sì sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tàbí kò mọ́. Ohun tó dájú ni pé ẹ̀wọ̀n méjèèjì yẹn ni ìjọba dì mú títí tí kò fi lè dupò sínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Òun ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, àwọn ẹlòmíràn ló sì ń wọlé lórúkọ ẹgbẹ́ náà.

Ní 1979 ni ìjọba wó ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, ilẹ̀ náà sì di ààtàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, ló ń sọ ọ́ fún ìjọba pé kí wọ́n sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ àti ìrántí, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé 50 ọdún òmìnira. Freedom Park ni wọ́n ń pè é. Ìdí tí ẹ ò fi dá a mọ̀ ni pé igi ti bo ibẹ̀, orin sì ń dún níbẹ̀ lálẹ́, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ilé ọtí ni. Ṣùgbọ́n ẹ wọlé. Díẹ̀ lára ògiri bíríkì àtijọ́ ṣì dúró, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ kàn án. Àwọn tó tún ibẹ̀ ṣe tọ ojú ìpìlẹ̀ àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n sì fi ààyè yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe ìsọ̀ tóóró. Ẹ ní kí ọmọ yín àgbà na apá rẹ̀ méjèèjì nínú ọ̀kan nínú wọn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe ń wá ògiri báyìí ló máa yé e, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé, ohun tó ń jẹ́ àtìmọ́lé. Pèpéle ńlá tí àwọn eléré ti ń ṣeré wà ní àyíká ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn. Àwọn kan ní kò yẹ kí a máa jó níbẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n mo rántí bí ibẹ̀ ṣe rí nígbà tó jẹ́ ààtàn, mo sì fara mọ́ ti ìsinsìnyí.

Omi tí bàbá ń wò náà kì í ṣe àlá. Títí di nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, omi ọ̀sà wà lẹ́bàá Marina gan-an. Ẹni tó bá dúró ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì tàbí ìkẹta ní Broad Street á máa wo òrùlé àwọn ilé Marina, á sì rí òpó ọkọ̀ lẹ́yìn wọn. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí sì ti jẹ́ ìdí tí gbogbo báńkì fi wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ẹrù, ibẹ̀ ni ilé kọ́sítọ́ọ̀mù wà, ẹni tó bá já ẹrù á san owó ibodè, á wá báńkì, á wá ẹni tó máa dójútòfò ọjà rẹ̀, á wá lọ́yà bí ẹjọ́ bá dé. Báńkì tí a mọ̀ sí First Bank lónìí, Bank of British West Africa ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1894, Alfred Jones onílé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Elder Dempster ló sì wà nídìí rẹ̀. Ọkọ̀ òkun ló bí báńkì. Nígbà tí wọ́n ṣí èbúté Àpápá ní àwọn ọdún 1920, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò ní Marina, ṣùgbọ́n ìwé àti owó kò tẹ̀ lé e, wọ́n dúró. Lẹ́yìn èyí, ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo dé, ìjọba fi iyanrìn dí etí ọ̀sà láti la títì ńlá tí a ń pè ní Outer Marina. Bí omi ṣe jìnnà nìyẹn. Ní ìsinsìnyí, ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀sà á kọjá títì ńlá, á sì kọjá lábẹ́ afárá kí ojú rẹ̀ tó dé omi.

Ẹ ní ẹ ò rí ilé àtijọ́ kankan. Ìta Tinúbú ló máa ṣàlàyé ìyẹn fún yín jù, nítorí pé ilé méjì ti dáwátì níbẹ̀ lójú àwọn tó ṣì wà láàyè. Ojúde yẹn ń jẹ́ orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò tó lágbára débi tí kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, fi ní kí wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Abẹ́òkúta ló lọ, ibẹ̀ ló ti di Ìyálóde Ẹ̀gbá, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1887. Ẹ má fi pamọ́ fún àwọn ọmọ pé ó ta ẹrú. Ọ̀pọ̀ nínú owó ìgbà náà wá láti inú òwò ẹrú àti epo pupa, tirẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba amúnisìn wà ní ojúde náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n wó o nígbà tí òmìnira ń bọ̀, àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń gbé Èkó sì fi orísun omi tó ń tu sókè ta ìlú lọ́rẹ ní 1960. Orísun yẹn ni ẹ ó bá níbẹ̀, pẹ̀lú ilé Báńkì Àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 1959.

Ilé kejì ni ó dùn mí jù. Ilojo Bar ni wọ́n ń pè é, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alárà bíi ti Brazil, pẹ̀lú àwọn fèrèsé tó yọ ní òkè bí òṣùpá ìlàjì. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ, wọ́n ní ní 1855. Ní 1933, Alfred Olaiya láti Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ní Èkìtì rà á, òun ni bàbá Victor Olaiya onífèrè. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, katapílà wó o palẹ̀. Ariwo sọ, àwọn ayàwòrán ilé kọ̀wé, àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé binú. Kò sí ohun tó gbé e dìde. Àwọn tó ń bú ìdílé onílé náà nígbà yẹn kò béèrè ìbéèrè kan: láàárín 60 ọdún tí ìjọba fi sọ pé ti gbogbo wa ni, ta ló ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe? Ilé ń jò, ajogún ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó ra ilé mẹ́wàá níbòmíràn, òfin sì ní ẹ kò gbọdọ̀ tà á, ẹ kò sì gbọdọ̀ wó o. Mi ò ní ohun tí wọ́n ṣe dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé òfin tí kò ní owó nínú kò lè gba ilé là ní Ìta Tinúbú.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ jákèjádò títì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ tó ṣe é kì í ṣe ìkan. Nígbà kan, ìgbéraga ló fà á: lẹ́yìn òmìnira, gbogbo ilé iṣẹ́ fẹ́ ilé gíga, wọ́n sì wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì láti gbé e dìde. Ilé ìtàwé CMS tí ẹ ó rí ní ìkóríta Odunlami, ìyẹn Bookshop House, 1973 ni wọ́n kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ìjọ náà sì ti ń tàwé láti nǹkan bí 1869. Nígbà mìíràn, ìjọba ló fà á. Wọ́n pa ìtẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ rẹ́ ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì ní láti kó egungun Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tó kú ní ọjọ́ tó parí ọdún 1891, lọ sí kàtídírà ní Marina. Bí òkú bíṣọ́ọ̀bù kò bá rí ibi sinmi sí, kí ni ká sọ nípa ilé ìyá bàbá yín? Iná náà ń ṣe tirẹ̀. Èyí tó jó ilé Afriland Towers ní Broad Street ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 pa ènìyàn, ó sì tún rán wa létí bí ó ṣe ṣòro tó fún ọkọ̀ panápaná láti rìn nínú èrò yẹn.

Ní ti ilé ìyá bàbá, ìyẹn lohun tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924. Láti inú ìbẹ̀rù yẹn ni wọ́n ti dá LEDB sílẹ̀ ní 1928, àjọ tó máa ń wó àdúgbò tó há, tó sì máa ń tún un tò. Ní 1955, wọ́n kéde pé àwọn máa wó bíi 70 éékà ní àárín erékùṣù Èkó, láàárín Broad Street àti títì tí wọ́n ń pè ní Victoria Street nígbà náà, tó di Nnamdi Azikiwe Street lónìí. Wọ́n kọ́ ilé sí Surulere fún àwọn tí wọ́n ń kó kúrò. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àdúgbò náà dọ̀tí, ó ń ba ojú olú ìlú jẹ́, òmìnira sì ń bọ̀. Dídọ̀tí rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta aṣọ ní iwájú ilé rẹ̀, tí ọmọ, ọmọ ọmọ àti àna wà nínú ọgbà kan náà, ẹ gbé e lọ sí yàrá méjì ní Surulere níbi tí kò ti sí oníbàárà, tó sì ní láti máa wọ bọ́ọ̀sì padà sí ọjà lójoojúmọ́: ilé rẹ̀ ti mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló fọ́nká báyìí. Nítorí náà, bàbá kò ṣàsọdùn rárá nígbà tí wọ́n ní ìjọba ló kó wọn. Kì í ṣe gbogbo ilé ìtòsí Broad Street ló bọ́ sínú ètò yẹn o. Àwọn kan tà á fúnra wọn, àwọn kan pàdánù rẹ̀ sínú ẹjọ́ ẹbí. Èmi kò lè jókòó síbí kí n sọ èyí tí ti yín jẹ́.

Ẹ̀yin náà sọ pé bàtà àti báńkì ni ẹ rí. Àwọn báńkì gan-an ti ń dín kù. Ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Abuja ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ń tẹ̀ lé owó lọ sí Victoria Island. Ilé gíga wà tí àjà òkè rẹ̀ ṣófo, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì kún fún ọjà fọ́fọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ Èkó èyíkéyìí níbi tí wọ́n ti ń ra ṣòkòtò jíìnsì olówó pọ́ọ́kú, á ní Mandilas. Ilé iṣẹ́ oníṣòwò mọ́tò ni Mandilas o, ilé rẹ̀ wà ní Broad Street, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti di ti ọjà tó yí i ká. Àwọn tó ń pàtẹ níbẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí tó bo ìtàn mọ́lẹ̀. Bí òwò ṣe bẹ̀rẹ̀ títì yìí náà ló tún ṣe gbà á padà.

Ìbẹ̀wò yín wá kù. Ọ̀nà méjì ló wà. Bí ẹ bá lọ ní àárín ọ̀sẹ̀, ẹ ó rí Broad Street bí ó ṣe ń mí, ṣùgbọ́n èrò á ti àwọn ọmọ, ẹ ò sì ní lè dúró wo nǹkan kan fún ìṣẹ́jú méjì. Bí ẹ bá lọ ní ọjọ́ Àìkú, títì á dá, ẹ ó rí ojú ilé láti òkè dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn púpọ̀ á tì. Pẹ̀lú ọmọdé, ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ mú. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line láti Mile 2, ó ti ń gbé èrò láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, kí ẹ sì sọ̀ ní ìparí rẹ̀ ní Marina. Bí ẹ ṣe ń wọlé, ẹ ó rí ọ̀sà ní fèrèsé, ìyẹn fúnra rẹ̀ á dáhùn ọ̀rọ̀ omi. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí kàtídírà. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó padà di Edward Kẹjọ ló fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1925, iṣẹ́ kò parí títí di 1946. Láti ibẹ̀, ẹ gba Odunlami jáde sí Broad Street. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá Kakawa, níbi tí ilé ìdílé da Rocha wà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ilé Omi. Kí omi ẹ̀rọ tó dé láti Ìjú, kànga inú ọgbà wọn ni ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ti ń ra omi. Ẹbí ló ni ilé náà, ẹ má wọlé láìkí wọn. Ní Ìta Tinúbú, ẹ má gbé fóònù sókè ya Báńkì Àpapọ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ọ kì í ṣeré. Ẹ yà ní Martins Street díẹ̀, níbi tí wọ́n kọ́ òtẹ́ẹ̀lì Bristol sí. Ní 1947, wọ́n kọ̀ láti fún Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ní yàrá níbẹ̀. Ìjà tó tẹ̀ lé e ló mú kí gómìnà Richards ní kí wọ́n fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ funfun ní irú ibẹ̀. Kó tó rẹ àwọn ọmọ, ẹ padà sí Freedom Park, oúnjẹ wà níbẹ̀, ìjókòó wà níbẹ̀, ẹ mú owó díẹ̀ dání fún ẹnu ọ̀nà.

Bí orúnkún bàbá bá gbà á, ẹ mú wọn dání, Freedom Park nìkan tó fún wọn. Bí kò bá gbà á, ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì béèrè nǹkan mẹ́ta: orúkọ òpópónà kékeré tí ilé ìyá wọn wà, orúkọ ẹni tó ni ilé náà lórí ìwé, àti ọdún tí wọ́n kó dé Surulere. Bí ọdún náà bá bọ́ sí lẹ́yìn 1955, tí òpópónà náà sì wà láàárín Broad Street àti Victoria Street, ó ṣeé ṣe kí àkọsílẹ̀ gbígba ilẹ̀ wà. Ẹ kó ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìwé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó ní Alausa, kí ẹ sì ní ìwé gbígba ilẹ̀ àtijọ́ ni ẹ ń wá, kí wọ́n má baà rò pé ẹ fẹ́ ra ilẹ̀.